Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìpolówó Ìlera àti Àrùn Bárakú ní Nima

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní ìlú Yorùbá èyíkéyìí, ohùn àwọn tí ń kiri ọjà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹlẹ́kọ ń polówó, alákàrà ń polówó, olóògùn eku pàápàá ní ohùn tí ó fi ń ta ọjà tirẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìyá ẹlẹ́kọ kan tí ó gbàgbọ́ pé ohùn òun nìkan ni ó ń ta ẹ̀kọ òun. Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ dára. Ó mọ̀ pé iye tí òun dá lé e gbọ́dọ̀ bá àpò oníbàárà mu. Ó sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà kí ebi tó lé onítọ̀hún lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ó tó gbé ohùn sókè. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ìṣáájú bá yẹ̀, igbe lásán ni ẹ̀kẹrin. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹnu dùn-ún-ròfọ́.

Ọgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun sọ di ẹ̀kọ́ ilé-ìwé gíga. Ní ọdún 1951, G. D. Wiebe, ọmọ Amẹ́ríkà kan, bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí a kò fi lè ta ìfẹ́ ọmọnìkejì àti ìrònú tí ó mọ́gbọ́n dání fún ìlú gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta ọṣẹ. Ní ọdún 1971, Philip Kotler àti Gerald Zaltman fún ọgbọ́n náà ní orúkọ àti ìlànà. A lè pè é ní ọgbọ́n ọjà fún ire ìlú. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó fi dúró: ọjà fúnra rẹ̀, iye tí yóò ná ẹni tí ń rà á, ibi tí a ti lè rí i rà, àti ìpolówó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí òwò gidi ni pé èrè rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á, bí kò ṣe ti ẹni tí ń rà á àti ti ìlú lápapọ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọba àti àwọn elétò ìlera ni wọ́n ń fẹ́ fi ọgbọ́n yìí dín ìnáwó tí àrùn bárakú ń kó bá ìlú kù: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Èrò náà dára, nítorí pé oògùn àrùn wọ̀nyí kì í tán nílẹ̀, owó wọn kì í sì í tán lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ ọjà tí wọ́n ń tà wò fínnífínní, kí a sì wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kanlẹ̀. Ibi tí ó dára jù láti ṣe àyẹ̀wò náà kì í ṣe gbọ̀ngàn ìpàdé, bí kò ṣe àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó kékeré gbé ayé ńlá. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni Nima.

Nima wà nínú ìlú Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà. Zongo ni, bí Sábó ti jẹ́ ní Ìbàdàn: ibùdó àlejò tí ó ti di ìlú onílé. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn oníṣòwò màlúù ti ń tẹ̀ ẹ́ dó, Ogun Àgbáyé Kejì sì mú kí èrò wọ́ tìrítìrí wá síbẹ̀. Hausa, Fúlàní, Kotokoli, Dagomba, Mossi, Zabarma àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, èdè Hausa sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi ń bá ara wọn ná ọjà. Ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹ̀gbẹ́ Nima ni Accra New Town wà, àdúgbò tí a ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ọ̀fà ni wọ́n ní ẹni tí ó ṣòwò ní Gánà kí àṣẹ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, èyí tí ìjọba Kofi Busia pa, tó lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú padà sí ilé wọn. Ohun tí ó bá kan Nima, ó kan Mushin, ó kan Ajégúnlẹ̀, ó sì kan Sábó náà.

Kí ni àrùn bárakú ń wá nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀? Ìgbà kan wà tí àwọn oníṣègùn pàápàá kà á sí àrùn àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1964, S. R. A. Dodu àti N. de Heer tẹ ìwé jáde lórí àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ tí wọ́n ṣe ní ìlú Ho ní ìlà-oòrùn Gánà. Nínú ènìyàn 1,000, bí ẹni 2 péré ni wọ́n rí. Ní ọdún 2002, A. G. B. Amoah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ti agbègbè Accra jáde. Nínú 1,000 àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 25, bí ẹni 63 ni ó ní àtọ̀gbẹ. Ìlú méjèèjì yàtọ̀, ọ̀nà àyẹ̀wò náà sì yàtọ̀, nítorí náà kò tọ́ kí a kàn fi ọ̀kan pín èkejì bí ìṣirò ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí nọ́ńbà méjèèjì tí kò ní mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ẹni 70 nínú 100 àwọn tí a bá àtọ̀gbẹ lára wọn ní Accra ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní i.

Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní àrùn kò ní ná owó lé e lónìí. Ọ̀la ni yóò san gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í sì í dá iṣẹ́ dúró, títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan àti apá kan kò ní gbéra mọ́. Kí a ro ti ìyá kan tí ń ta waakye ní ẹ̀bá ọ̀nà, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a fi ewé ọkà bàbà sè pọ̀. Bí rọpárọsẹ̀ bá gbé e dè, kì í ṣe owó oògùn nìkan ni ilé náà yóò wá. Owó ọjà ti dúró, owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í láti fún un ní oúnjẹ àti láti wẹ̀ fún un. Ẹni tí ó sábà máa ń bọ́ sí lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé-ìwé. Àga tí ó ṣófo nínú kíláàsì wà lára iye tí àrùn bárakú ń ná ìlú, kò sì sí ìwé ìṣirò ilé ìwòsàn kankan tí a kọ ọ́ sí. Olùkọ́ nìkan ni ó ń rí i.

Kí a tó dá ọgbọ́n ọjà lẹ́bi, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ yìn ín níbi tí ó ti ṣe dáadáa, Gánà kan náà sì ni ẹ̀rí wà. Láti ọdún 2003 ni àwọn elétò ìlera, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ, àti àwọn olùwádìí bí Val Curtis ti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Lọ́ńdọ̀nù ti pawọ́pọ̀ polówó fífi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n kọ́kọ́ lọ wo àwọn ìyá nínú ilé wọn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, 75 nínú 100 sọ pé àwọn ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó ṣọ́ wọn, 3 péré ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ọṣẹ wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, pé aṣọ àti àwo ni wọ́n ń fi í fọ̀. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ẹ̀rù kòkòrò àrùn kì í ba àwọn ìyá náà, ṣùgbọ́n pé ìríra ń mú wọn gidigidi.

Nítorí náà, eré kékeré tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kò wàásù rárá. Ìyá kan jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọ̀ àlùkò wà ní ọwọ́ rẹ̀ bí aró. Ó bọ́ sí ìdí oúnjẹ, àwọ̀ náà sì bá a dé inú oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ. Ẹni tí ó bá wò ó kò nílò dókítà láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, eré náà pé: ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, kò fi ìmọ̀ rẹ̀ yangàn, kò sì béèrè ohun tí kò sí nínú ilé onítọ̀hún. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tí ó sọ pé àwọn ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ fi ìdá 13 nínú 100 pọ̀ sí i, ti kí a tó jẹun sì fi 41 pọ̀ sí i. Olóòótọ́ gbọ́dọ̀ fi kún un pé ẹnu àwọn ènìyàn ni a ti gbọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹnu kan náà tí ó ti sọ 75 nígbà tí ojú rí 3. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà yẹ fún ìyìn.

Ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí àwọn ènìyàn rò pé ohun tí ó ta ọṣẹ yóò ta oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ púpọ̀. Ìyàtọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbójú fò. Èkíní, fífọ ọwọ́ kì í pẹ́, ọṣẹ sì wà nílé; ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ yí ohun tí ó ń jẹ padà, kí ó sì máa lo oògùn lójoojúmọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èkejì, ìdọ̀tí ṣeé fi àwọ̀ kùn kí ojú lè rí i. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ti yọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà nínú iṣan tí ojú kò tó. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: nínú ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀, ẹni tí ń ta ọṣẹ wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú elétò ìlera, nítorí pé bí ìyá bá ń fọ ọwọ́, ọṣẹ yóò tà. Nínú ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà, ẹ̀yìn ni ẹni tí ń ta ọjà ń wa ọkọ̀ sí. Bí ìwé ìpolówó ìlera kan bá wà lára ògiri, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ti ohun mímu aládùn àti ti èròjà ọbẹ̀ oníyọ̀ ni yóò yí i ká, tí ẹ̀rín ẹlẹ́wà yóò sì wà lójú gbogbo wọn.

Ètò ìlera àkọ̀tun tí Ilé-iṣẹ́ Ìlera Gánà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2006, nígbà tí Courage Quashigah jẹ́ mínísítà, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa mu omi púpọ̀, kí wọ́n máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, kí wọ́n sì máa sinmi. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé ó sọ ọ́ gbangba pé ilé ìwòsàn nìkan kọ́ ni ìlera ti ń wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga mínísítà ṣe iṣẹ́ akíkanjú. Ṣùgbọ́n kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé Nima kí a sì fetí sí bí yóò ti dún. Omi púpọ̀: ọ̀pọ̀ ni ó ń fi owó ra omi inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń mu. Èso: ọsàn kan ń bá àwo kókò àti kòóse jìjàdù fún owó kan náà, ìyẹn ògì àti àkàrà tí ọmọ ń jẹ yó kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, ọsàn kì í sì í yóni. Eré ìdárayá: alábàárù tí ó ti ru ẹrù láti òwúrọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí ó sáré. Ìsinmi: yàrá kan ni ó wà fún ènìyàn mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ fún ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ìpolówó wà níbẹ̀. Iye owó àti ibi rírà kò sí.

Ẹnì kan lè sọ pé bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀, wọn yóò ṣe é. Ìwádìí kan ní agbègbè Ashanti fèsì ọ̀rọ̀ yìí. F. P. Cappuccio àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ àbájáde wọn ní ọdún 2006, kó abúlé 12 jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Fún oṣù mẹ́fà, wọ́n kọ́ ìdajì nípa ìlera ní gbogbogbòò; wọ́n kọ́ ìdajì kejì pẹ̀lú nípa iyọ̀, pé kí wọ́n dín in kù nínú ọbẹ̀, kí wọ́n sì máa rẹ ẹja oníyọ̀ sómi kí wọ́n tó sè é. Ìwádìí náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí iyọ̀ bá ti pọ̀ tó lára ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, iyọ̀ inú ìtọ̀ àwọn tí a kọ́ kò fi ìyàtọ̀ tí ó dájú hàn sí ti àwọn tí a kò kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ méjèèjì tí dókítà máa ń kọ sílẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí kì í ṣe ìdí láti dá ẹ̀kọ́ dúró. Ìdí ni láti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nìkan dà bí ẹsẹ̀ kan lára àga.

Ohun ìyanu ni pé ẹnì kan wà ní ọjà tí ó mọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìgbà pípẹ́. Òun ni olóògùn tí ó gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, tí ń ta àgúnmu tí ó ní yóò wo àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá. Ó wá sí ọjà fúnra rẹ̀, kò dúró de oníbàárà. Ó ń sọ Hausa fún Hausa, Twi fún Twi. Ó ń tà á ní ìwọ̀n kékeré tí owó ọjọ́ kan ká. Ọjà rẹ̀ sì ni ohun tí gbogbo aláìsàn ń wá, ìyẹn ìwòsàn. Ama de-Graft Aikins, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ Gánà, kọ̀wé ní ọdún 2005 nípa bí àwọn alátọ̀gbẹ ti ń ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ olóògùn mìíràn. Ó rí i pé owó tí oògùn òyìnbó ń gbà àti ìrètí ìwòsàn wà lára ohun tí ń lé wọn kiri. Àwọn tí ó bá ń bú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní òpè kò mọ ọjà. Dókítà ń ta òótọ́ ní ibi tí ó jìnnà, ní iye tí ó wọ́n, ní èdè tí kò yéni. Ẹlòmíràn ń ta irọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ní iye tí ó rọrùn, ní èdè abínibí. Èwo ni aláìní yóò rà?

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó kù ni láti fún òótọ́ ní ẹsẹ̀ tí irọ́ ti ní. Ẹsẹ̀ iye owó ṣeé ṣe. Gánà ti rìn díẹ̀ ní ọ̀nà náà. Ètò ìdánilójú ìlera orílẹ̀-èdè tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìlànà ọdún 1985 tí ó sọ pé kí aláìsàn san owó kí a tó tọ́jú rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ sì wà nínú ohun tí ó ń san. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ John Mahama ṣí àpò owó ìṣègùn kan fún àwọn àìsàn ńláńlá tí owó wọn ń fọ́ ilé, bí àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ àti àrùn kíndìnrín. Ní apá kejì, òfin ọdún 2023 fi owó-orí 20 nínú 100 lé ohun mímu aládùn. Nàìjíríà náà ti ń gba náírà 10 lórí lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2022. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé náírà 10 kì í yí padà nígbà tí owó ọjà bá ń gòkè, nítorí náà ọdọọdún ni ó ń fúyẹ́ sí i. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún a máa bá ọjà gòkè.

Ẹsẹ̀ ibi rírà náà ṣeé ṣe. Láti ọdún 2015, ní àgbègbè Lower Manya Krobo ní Gánà, a kọ́ àwọn tí ń ta oògùn ní ìsọ̀ kéékèèké láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn oníbàárà wọn, a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù aláìsàn láti rán an létí oògùn rẹ̀. Ètò náà ní àléébù: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ni kò dúró parí ọdún. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ lè bá ènìyàn ní ibi tí ó ti ń ra oògùn orí fífọ́. Ní Nima, ọjà wà, mọ́sálásí wà, ìsọ̀ gẹ̀rígẹ̀rì wà. Bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí lémọ́ọ̀mù sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó na apá, èdè Hausa ni yóò sọ ọ́, ìtìjú yóò sì dínkù.

Ẹsẹ̀ ọjà fúnra rẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ní North Karelia ní orílẹ̀-èdè Finland, níbi tí àrùn ọkàn ti ń pa àwọn ọkùnrin nípakúpa, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972 lábẹ́ Pekka Puska. Wọn kò fi mọ sí ìwé ara ògiri. Wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀ sísè, wọ́n bá àwọn tí ń ṣe sọ́séèjì àti wàrà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, wọ́n sì ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti gbin èso. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 30, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́ ti fi ohun tí ó ju 80 nínú 100 lọ dínkù. Nima kì í ṣe North Karelia, owó rẹ̀ kò sì tó tiwọn. Ṣùgbọ́n oníwaakye kan tí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹnu láàárọ̀ lè dín iyọ̀ ìkòkò kan kù, kí gbogbo ẹnu wọ̀nyí sì jẹ èrè rẹ̀ láìgbọ́ ìwàásù kankan. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ bá, kí a sì fún un ní ohun tí yóò jẹ́ èrè tirẹ̀: àmì ìyìn lára ìsọ̀ rẹ̀, tàbí èròjà aládùn tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹnu ẹni ni a fi ń jẹun, pé kí ìjọba má bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ará ìlú. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí a fi ẹnìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sí ìfẹ́ inú rẹ̀ kò rántí pé ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìfẹ́ inú náà tọ̀sán-tòru. Gánà fi òfin ọdún 2012 pa ìpolówó tábà lẹ́nu mọ́. Ní ọdún 2024 sì ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí àwọn olókìkí má ṣe polówó ọtí mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òmìnira ará ìlú dínkù nítorí bẹ́ẹ̀. Aya ọba tí a polówó rẹ̀ fún kò sí. Etí ni ó sinmi.

Ipa ti olùkọ́ nínú ọ̀ràn yìí kò kéré, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ti olùpolówó lásán. Bí a bá kọ́ ọmọ ní kíláàsì pé ṣúgà púpọ̀ kò dára, tí ohun mímu aládùn sì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kan náà, ẹ̀kọ́ méjì ni ọmọ náà kọ́ lọ́jọ́ náà, èyí tí ó dùn lẹ́nu ni yóò sì rántí. Olùkọ́ àgbà lè bá àwọn olóúnjẹ ẹnu ọ̀nà ṣe àdéhùn. Olùkọ́ ìṣirò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ṣíbí ṣúgà tí ó wà nínú ìgò kan láti ara ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Olùkọ́ èdè lè jẹ́ kí wọ́n kọ ìpolówó ìlera ní èdè ìyá wọn, kí wọ́n sì ka á fún ìyá àgbà nínú ilé; bí kò bá yé ìyá àgbà, kí wọ́n tún un kọ. Nígbà tí àga kan bá sì ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí olùkọ́ béèrè ẹni tí ń ṣàìsàn nílé kí ó tó fa ìlà pupa sínú ìwé orúkọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Olùkọ́ kò lè dá owó-orí, mínísítà kò sì lè jókòó ti ìkòkò oníwaakye. Ọgbọ́n ọjà fún ire ìlú kò ní àbùkù nínú ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ nù, tí wọ́n sì ń bínú pé kò rìn, ni ó ní àbùkù. Ìyá ẹlẹ́kọ kò jẹ́ bá oníbàárà jà pé kò gbọ́ ohùn òun. Bí ẹ̀kọ kò bá tà, yóò tọ́ ọ wò, yóò tún iye rẹ̀ dá, yóò gba àdúgbò mìíràn lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.